Ìyọ-ooru Lára Kọ̀ǹpútà Alágbèéká: Àyẹ̀wò Èdè-Ìperí àti Ìlò Rẹ̀ ní Àgbóyì

1. Ìfáárà

Àgbóyì jẹ́ ìlú etí omi ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọkọ̀ ojú omi ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wọ̀ láti ìhà Kétu kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Omi àti irà ni ó yí i ká, ẹja pípa sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú iṣẹ́ tí a fi mọ àwọn ará ibẹ̀. Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà alágbèéká kò ṣàjèjì níbẹ̀ mọ́, gẹ́gẹ́ bí kò ti ṣàjèjì ní Ìkòsì tàbí ní Máìlì 12. Olùkọ́ ń fi í ṣírò èsì ìdánwò, akẹ́kọ̀ọ́ ń fi í kọ iṣẹ́ àṣekágbá, ògbufọ̀ sì ń fi í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà bá gùn tí ó sì le, bí àpẹẹrẹ, bí ó bá jẹ́ fíìmù ni a ń gé tàbí ohùn tí a gbà sílẹ̀ ni a fẹ́ kí ẹ̀rọ sọ di ọ̀rọ̀ kíkọ, kò ní pẹ́ tí abẹ́ kọ̀ǹpútà yóò fi gbóná. Abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ yóò máa pariwo, iṣẹ́ yóò sì máa falẹ̀. Ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí ẹnu Yorùbá ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni pé: "Ẹ jẹ́ kí ó tutù," tàbí "Ẹ mú un tutù." Gbólóhùn méjèèjì dára ní ẹnu. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ọ̀rọ̀ náà wọ inú ìwé sáyẹ́ǹsì láìyẹ̀ ẹ́ wò, ó lè ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà, ó sì lè ba ẹ̀rọ olówó gọbọi jẹ́. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi hàn pé ohun tí a ń ṣe fún kọ̀ǹpútà kì í ṣe pé a ń fún un ní òtútù. Ooru ni a ń yọ kúrò lára rẹ̀. Orí ìpìlẹ̀ yìí ni ó yẹ kí èdè-ìperí rẹ̀ dúró lé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun pátápátá. Ní ọdún 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀, tí a ń pè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti ọdún 1987, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àkànṣe ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ṣe agbátẹrù rẹ̀. Níbẹ̀ ni a ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 sì la ọ̀nà fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kò tíì wọ ilé wa nígbà náà. Iṣẹ́ tí ó kù fún àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn ni láti mú ọ̀nà kan náà tọ ohun èlò òde òní.

2. Ìṣòro tí ó wà nínú "tutù"

Ọ̀rọ̀-ìṣe náà "tutù" ní ìtumọ̀ tí ó ju ẹyọ kan lọ. Omi inú àmù tutù: kò gbóná. Aṣọ tí òjò pa tutù: omi wà lára rẹ̀. Ẹja tútù ni èyí tí a kò tíì yan. Ẹni tí ó tutù ni oníwà pẹ̀lẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ibi tí a ti lo ọ̀rọ̀ náà ni ó ń tú u sílẹ̀, ìṣòro kì í sì í sí. Nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà, ọ̀rọ̀ náà máa ń dá dúró. Ẹni tí ó bá kà pé kí òun "mú kọ̀ǹpútà tutù" lè mú aṣọ tí a rẹ sínú omi, nítorí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìyá ń ṣe fún ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Ohun tí ó tọ́ fún ara ọmọ yóò jẹ́ ikú fún ẹ̀rọ tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Ìṣòro kejì jinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. "Mú tutù" ń mú kí ènìyàn rò pé òtútù jẹ́ nǹkan kan tí a lè bù sínú nǹkan mìíràn bí ẹni bu omi sínú ife. Ìmọ̀ físíìsì kò gba èyí. Ooru ni ó wà. Ibi tí ó gbóná jù ni ó ti ń lọ sí ibi tí kò gbóná tó bẹ́ẹ̀. Òtútù kò ju àìsí ooru tí ó pọ̀ tó lọ.

Nítorí náà, àbá tí ó wà níhìn-ín ni pé kí a ya ọ̀rọ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀. Ooru ni agbára tí ń kọjá láti ara ohun kan sí ara òmíràn nítorí pé ọ̀kan gbóná ju èkejì lọ. Ìwọ̀n-ìgbóná ni bí ohun náà ṣe gbóná tó, èyí tí a fi dígírì wọ̀n. Ọ̀rinrin ni omi tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ tàbí lára nǹkan. Ife omi híhó kan àti ìkòkò ńlá omi híhó kan ní ìwọ̀n-ìgbóná kan náà, ìyẹn 100°C. Ṣùgbọ́n ooru tí ìkòkò náà yóò tú jáde kí ó tó fúyẹ́ lọ́wọ́ pọ̀ ju ti ife lọ fíìfíì. Ẹni tí kò bá rí ìyàtọ̀ yìí kò ní lóye ìdí tí kọ̀ǹpútà fi ń pẹ́ kí ó tó bọ̀ sípò.

Láti ara ìyàtọ̀ yìí ni ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ti jáde. Ooru ni a ń yọ: "ìyọ-ooru" ni orúkọ iṣẹ́ náà. Ìwọ̀n-ìgbóná ni ó ń rọlẹ̀: bí a ti ń sọ pé ibà ọmọ ti rọlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a ó sọ pé ìwọ̀n-ìgbóná kọ̀ǹpútà ti rọlẹ̀. Ìyọ-ooru ni iṣẹ́; ìrọlẹ̀ ni èrè rẹ̀. Kò sí omi nínú ọ̀kankan nínú wọn.

Ó tún yẹ kí a kíyè sí àmì ohùn. Ooru, oòrùn, oorun àti òórùn sún mọ́ ara wọn lójú ìwé. Atẹ̀wé tí ó bá fi àmì sílẹ̀ yóò mú kí òǹkàwé máa ṣiyèméjì bóyá ooru ni a ní kí a yọ ni tàbí òórùn.

3. Orúkọ tí a fún ẹ̀rọ náà

Àwọn kan ń pe ẹ̀rọ yìí ní kọ̀ǹpútà àgbélétan, ìyẹn èyí tí a ń gbé lé itan. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n tẹ̀ lé, kò sì sí àṣìṣe nínú ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń kọ́ ènìyàn ní ìwà tí kò dára. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà wọ̀nyí ni ihò èémí wà. Bí a bá gbé e lé itan, aṣọ yóò dí ihò náà. Ara ènìyàn pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. Ní ọdún 2010, àwọn dókítà ní Switzerland kọ ìròyìn nípa ọmọkùnrin ọdún 12 kan tí awọ itan rẹ̀ yí àwọ̀ padà nítorí pé ó ń gbé kọ̀ǹpútà lé e fún wákàtí púpọ̀ lójoojúmọ́. "Kọ̀ǹpútà alágbèéká" kò pàṣẹ ibi tí a óò gbé e lé. Pé a lè gbé e káàkiri nìkan ni ó sọ. Ìdí nìyí tí a fi lò ó nínú àpilẹ̀kọ yìí.

4. Ibi tí ooru ti ń wá

Ọpọlọ kọ̀ǹpútà jẹ́ awẹ́ kékeré kan tí àìmọye ìyípadà iná wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń tàn, wọ́n ń kú, ní ọ̀kẹ́ àìmọye ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbàkígbà tí ọ̀kan bá yí padà, iná díẹ̀ ni ó ná. Iná náà kì í ṣègbé. Ó ń di ooru. Kọ̀ǹpútà tí ó bá ń gba iná 60 wáàtì yóò tú ooru tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti gílóòbù àtijọ́ onítáńpẹ́ 60 wáàtì jáde. Ẹni tí ó bá ti fọwọ́ kan irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó ń tàn yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé apá tí ó pọ̀ jù nínú ooru kọ̀ǹpútà ń jáde láti ara ohun tí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ.

Nǹkan bí 100°C ni òpin ìgbóná tí a fi lélẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọpọlọ kọ̀ǹpútà òde òní. Bí ó bá ti ń sún mọ́ ibẹ̀, yóò dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ kí ó má baà jóná. Àbá tí a mú wá fún ìṣe yìí ni "ìdẹwọ́", láti ara "dẹwọ́", bí awakọ̀ ojú omi tí ó ti rẹ̀ ṣe ń dẹwọ́ lórí àjẹ̀ láìdúró pátápátá. Nígbà tí iṣẹ́ bá ń falẹ̀ ní ọ̀sán gangan, kì í ṣe pé kọ̀ǹpútà ti gbó. Ó lè jẹ́ pé ó ń dẹwọ́ ni.

5. Ọ̀nà tí ooru ń gbà jáde

Ọ̀nà mẹ́ta ni ooru ń gbà rìn. Èkíní ni ìfarakó: ohun tí ó fara kan èyí tí ó gbóná yóò kó ooru láti ara rẹ̀, bí ọwọ́ ṣíbí irin ti ń kó o nínú ọbẹ̀. "Ràn" ìbá ṣeé lò níhìn-ín, nítorí pé iná àti àrùn máa ń ràn, ṣùgbọ́n oòrùn náà ń ràn, ọ̀nà mìíràn ni ooru oòrùn sì ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Èkejì ni ìgbérìn: afẹ́fẹ́ tàbí omi ń gba ooru, ó sì ń gbé e rìn lọ. Ẹ̀kẹta ni ìtànṣán: ooru ń tàn wá láìsí ohun tí ó gbé e, bí ti oòrùn tàbí ti iná ààrò tí a yá láti òkèèrè.

Nínú kọ̀ǹpútà, ìfarakó ni ó kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́. Láàárín ọpọlọ kọ̀ǹpútà àti irin tí ó bò ó ni a fi gírísì agbooru sí, kí àlàfo má baà sí níbẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí ó dúró sójú kan kì í jẹ́ kí ooru kọjá dáadáa. Gírísì yìí a máa gbẹ bí ọdún ti ń gorí ọdún.

Lẹ́yìn èyí ni páìpù agbooru. George Grover àti àwọn alábàáṣiṣẹ́pọ̀ rẹ̀ ní Los Alamos, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ṣe irú rẹ̀ tí ó di mímọ̀ káàkiri ní ọdún 1963. Bàbà ni a sábà fi ń ṣe é, a sì dí ẹnu rẹ̀ ní ìhà méjèèjì. Omi díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ní ìhà tí ó kan ọpọlọ kọ̀ǹpútà, omi náà ń gba ooru, ó sì ń di afẹ́fẹ́. Ó ń sáré lọ sí ìhà kejì tí kò gbóná tó bẹ́ẹ̀, ó ń tú ooru sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń padà di omi, ó sì ń fà padà gba ara páìpù bí epo ti ń fà gba òwú àtùpà. Ẹni tí ó bá ṣí ìdérí ìkòkò ìrẹsì tí ó sì rí omi tí ó sẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀ ti rí ìdajì iṣẹ́ páìpù yìí.

Níkẹyìn ni ìgbérìn. Ìhà kejì páìpù náà kan àwọn awẹ́ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí ojú tí ó kan afẹ́fẹ́ lè pọ̀. Abẹ̀bẹ̀ inú kọ̀ǹpútà ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba àárín wọn jáde. Abẹ̀bẹ̀ kì í ṣe òtútù. Abẹ̀bẹ̀ kan náà tí a fi ń fẹ́ ara ni a fi ń fẹ́ iná. Afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé kúrò níbì kan lọ síbòmíràn. Bí ihò èémí bá dí, ariwo lásán ni abẹ̀bẹ̀ ń pa.

6. Ohun tí ó yàtọ̀ ní Àgbóyì

Isaac Newton ti fi hàn ní ọdún 1701 pé bí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ohun tí ó gbóná àti àyíká rẹ̀ bá ti tó ni ooru ṣe ń yára jáde tó. Kí a fi ọpọlọ kọ̀ǹpútà kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ó dúró ní 90°C nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù mú dé 22°C. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ jẹ́ 68. Bí a bá gbé kọ̀ǹpútà kan náà, pẹ̀lú iṣẹ́ kan náà, lọ sí yàrá tí ó wà ní 34°C, 68 náà ni ìyàtọ̀ tí yóò nílò kí ooru tó lè máa jáde bí ó ti ń wọlé. 34 àti 68 jẹ́ 102. Èyí ti kọjá òpin. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà yóò dẹwọ́. Ohun tí ó yí padà kì í ṣe ẹ̀rọ, àyíká rẹ̀ ni.

Ọ̀rinrin ni ìṣòro kejì. Àmù ń mú omi tutù nítorí pé omi díẹ̀ ń sun jáde lára rẹ̀, ó ń gbẹ, ó sì ń gbé ooru lọ bí ó ti ń gbẹ. Ìyọ-ooru gan-an ni èyí, àwọn baba wa sì ti mọ̀ ọ́n lò kí orúkọ rẹ̀ tó wọ ìwé. Nígbà ọyẹ́ ni ó ń ṣiṣẹ́ jù, nítorí pé afẹ́fẹ́ gbẹ. Ní ìlú etí omi, nígbà òjò, omi kì í tètè gbẹ, nítorí náà aṣọ rírẹ kò ní yọ ooru púpọ̀. Ewu nìkan ni yóò kó wá.

Yìnyín àti fìríìjì burú ju aṣọ rírẹ lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá wà ní 30°C, tí ọ̀rinrin rẹ̀ sì jẹ́ 80 nínú 100 ohun tí ó lè gbà, ìrì yóò sẹ̀ sí ara ohunkóhun tí ìwọ̀n-ìgbóná rẹ̀ bá kéré sí nǹkan bí 26°C. Gbogbo ẹni tí ó ti ra ìgò mínírà láti inú yìnyín ní ọjà Máìlì 12 ti rí ìrì yìí lára ìgò. Irú rẹ̀ yóò sẹ̀ sí inú kọ̀ǹpútà tí a gbé jáde láti inú fìríìjì, níbi tí ojú kò ti lè rí i.

7. Ìlò

Láti ara àlàyé yìí ni ìtọ́sọ́nà ti jáde, kò sì sí èyí tí ó gba owó púpọ̀ nínú wọn.

Kí a gbé kọ̀ǹpútà lé orí tábìlì tàbí pákó tí ó tẹ́jú. Kí a má gbé e lé bẹ́ẹ̀dì, ìrọ̀rí tàbí itan. Bí a bá fi igi pẹlẹbẹ méjì gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè ní ìwọ̀n ìka méjì, afẹ́fẹ́ yóò rí ọ̀nà wọ abẹ́ rẹ̀. Kí oòrùn má tàn sí i láti ojú fèrèsé, nítorí ìtànṣán.

Kí a ṣí fèrèsé ìhà tí atẹ́gùn omi ti ń fẹ́ wá. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ìta ni kí ó wà, ní ọ̀nà jíjìn sí fèrèsé, nítorí èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn. Ẹni tí ó bá ti fèrèsé gbogbo nítorí èéfín àti ariwo ti tì ooru kọ̀ǹpútà mọ́ inú yàrá. Ooru tí ó jáde ni yóò tún padà wọlé. Fáànù yàrá wúlò bí ó bá lè gbé ooru yẹn kọjá fèrèsé.

Kí a máa nu eruku kúrò ní ihò èémí, pàápàá lẹ́yìn ọyẹ́. Kí a pa ẹ̀rọ, kí a yọ wáyà iná rẹ̀, kí a sì lo búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí ó gbẹ. Bí kọ̀ǹpútà bá ti pẹ́, kí oníṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n pààrọ̀ gírísì agbooru rẹ̀.

Kí a fi iṣẹ́ tí ó le jù sí ìdájí tàbí òru. Kí a pa ètò tí a kò lò. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ni ó sì ní ibi tí a ti lè yan kí ó dín eré kù. Ìdẹwọ́ àfọwọ́yàn yìí sàn ju èyí tí ooru fi ipá mú wá lọ. Ìdí ni pé bí eré ọpọlọ kọ̀ǹpútà bá dín kù, ipá tí ń ti iná sínú rẹ̀ náà lè dín kù, ooru sì ń tẹ̀ lé ìlọ́po ipá náà lọ́nà méjì. Bí a bá dín eré àti ipá kù sí 80 nínú 100, ooru tí ìyípadà iná ń mú wá yóò dín kù sí nǹkan bí 51 nínú 100. Iṣẹ́ 60 ìṣẹ́jú yóò di ti 75 ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n ooru tí ń jáde ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù sí ìdajì.

Bátìrì náà ń bẹ̀rù ooru, nítorí pé ooru ń mú kí ó tètè gbó. Àyíká tí ó wà láàárín 10 sí 35°C ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe kọ̀ǹpútà alágbèéká ń dámọ̀ràn. Bí ẹ̀rọ bá gba ìdíwọ̀n, kí a jẹ́ kí iná wọ bátìrì dé 80 nínú 100 nígbà iṣẹ́ gígùn. Bátìrì tí ó bá wú, kí a má lò ó mọ́, kí a má sì gún un.

8. Àkójọ èdè-ìperí

Ooru: agbára tí ń kọjá láti ara ohun tí ó gbóná sí ara èyí tí kò gbóná tó o.
Ìwọ̀n-ìgbóná: bí ohun kan ṣe gbóná tó, ní dígírì.
Ìyọ-ooru: mímú ooru kúrò lára ohun kan.
Ìrọlẹ̀: dídínkù ìwọ̀n-ìgbóná.
Ìfarakó: ìrìn ooru nípa ìfarakanra.
Ìgbérìn: ìrìn ooru nípa afẹ́fẹ́ tàbí omi tí ó gbé e.
Ìtànṣán: ìrìn ooru láìsí ohun tí ó gbé e.
Páìpù agbooru: páìpù dídí tí omi inú rẹ̀ ń gbé ooru lọ.
Gírísì agbooru: ohun rírọ̀ tí ń dí àlàfo láàárín ọpọlọ kọ̀ǹpútà àti irin.
Ihò èémí: ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tàbí jáde.
Ìdẹwọ́: dídín eré kù nítorí ooru.

9. Àgbálọgbábọ̀

Kò sí ẹni tí yóò ní kí ará Àgbóyì má sọ mọ́ pé kọ̀ǹpútà òun ti tutù. Èdè ilé ni, ó sì ní àyè tirẹ̀. Inú ìwé ẹ̀kọ́ àti ìwé ìtọ́nisọ́nà ni ìyàtọ̀ ti pọn dandan. Olùkọ́ tí ó bá sọ pé "mú un tutù" ti fi akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ láàárín omi àti afẹ́fẹ́ kí ó yan èyí tí ó wù ú. Èyí tí ó bá sọ pé "yọ ooru rẹ̀" ti tọ́ka sí ohun tí a fẹ́ ṣe, akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ yóò sì béèrè pé: ibo ni ooru náà yóò gbà jáde? Nígbà tí ó bá ti béèrè bẹ́ẹ̀, òun náà ni yóò gbé kọ̀ǹpútà kúrò lórí ìrọ̀rí.